Ìròyìn Oṣooṣù ní Ilé Ìtọ́jú Ọmọ Wẹ́wẹ́

Iṣẹ́ ìlú kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tí a bá fi ṣe olùtọ́jú ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní gbèsè méjì lọ́rùn: èkínní ni pé kí ó ṣe iṣẹ́ náà dáradára, èkejì ni pé kí ó jíhìn rẹ̀ fún àwọn tí ó rán an. Bí ó bá ṣe ti ìṣáájú láìṣe ti ìkẹyìn, àwọn ará ìlú kò ní mọ ohun tí wọ́n lè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì ń jíhìn láìṣiṣẹ́, ariwo lásán ni. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ fi ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù, tí akọ̀wé yóò ka ìwé rẹ̀, tí akápò yóò sì ka iye owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Bákan náà ni ó rí ní ilé ìtọ́jú ìlera tí ó wà ní àdúgbò. Ìbáà jẹ́ ní agbègbè tí èrò pọ̀ sí bí Ìgbọ̀nà ní ìlú Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní ìletò kékeré kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilé ìtọ́jú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní láti ka iye iṣẹ́ tí ó ṣe bí oṣù bá parí. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò kọ iye àwọn aláìsàn tí ó wá, iye àwọn aboyún tí a yẹ̀ wò, iye ọmọ tí a bí, iye àwọn tí a fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti iye oògùn tí ó kù nílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ni yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, tí yóò sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì wà pẹ̀lú, èyí tí a dá sílẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè máa pàdé lóṣooṣù, kí wọ́n sì jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ìròyìn nípa àwọn òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ta ni a gbé lọ sí ibòmíràn? Ta ni ó fẹ̀yìn tì? Ta ni ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ síi? Òru ọjọ́ wo ni agbẹ̀bí wà lẹ́nu iṣẹ́? Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ìtàkúrọ̀sọ lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n kí a wo aboyún tí ìrọbí mú lóru, tí ọkọ rẹ̀ fi alùpùpù gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú, tí wọ́n wá rí i pé a ti gbé agbẹ̀bí tí wọ́n gbójú lé lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìròyìn náà lásìkò, ibòmíràn ni wọn ìbá gbà lọ. Àìgbọ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lè gba ẹ̀mí méjì.

Ìròyìn oṣooṣù kan tún wà tí ó kéré ju gbogbo èyí tí a ti dárúkọ lọ, síbẹ̀ tí agbára rẹ̀ tóbi. Orí káàdì kan ni a ń kọ ọ́ sí. Ìròyìn ọmọ kan ṣoṣo ni. Ọwọ́ ìyá ọmọ náà ni ó sì ń gbé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni irú káàdì yìí ti gbéra tí òkìkí rẹ̀ fi kàn káàkiri ayé.

Ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní àárín àwọn òkè, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Iléṣà. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ogun Kírìjì, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, yóò ti mọ agbègbè náà. Ogun mìíràn ni ó wà níbẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, ogun tí kò ní ìbọn, tí kò sì ní ìlù: ikú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ní 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Kò jókòó sí Iléṣà kí ó máa dúró de àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára. Ìmẹ̀sí-Ilé ni òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ṣe ibi ìwádìí, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ tí a bí níbẹ̀ láti oṣù dé oṣù, láti ọdún dé ọdún.

Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í sábà jẹ́ àrùn kan ṣoṣo ni ó ń pa ọmọ. Ebi àti àrùn a máa di ọwọ́ ara wọn mú rìn. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wàrà ìyá a máa mú kí ọmọ dàgbà dáradára. Lẹ́yìn èyí, ọmọ nílò oúnjẹ mìíràn pẹ̀lú ọmú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ mímu nìkan ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń rí, èyí tí kò ní ohun tí ń mọ ẹran ara tó. Bí ó ti ń rù díẹ̀díẹ̀ ni ibà yóò dé. Bí ibà lọ, ìgbẹ́ gbuuru yóò dé. Kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ èyí, èéyi yóò wọlé. Ọmọ tí ó ti rù kì í lè bá èéyi jà. Ẹni tí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ èéyi, ó lè tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ tó padà sí bí ó ti wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí irun orí rẹ̀ sì ń pọ́n, ni ìyá yóò tó ké gbàjarè, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, báwo ni a ṣe lè rí ewu yìí lókèèrè? Ojú lásán kò lè rí i, nítorí pé ìyá tí ó ń wo ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé kò dàgbà síi. Òṣùwọ̀n ni ó lè sọ ọ́, bí a bá ń wọn ọmọ lóṣooṣù, tí a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá yóò fi lè rí i. Ìdí nìyí tí Morley fi ṣe káàdì tí a wá ń pè ní Ọ̀nà Ìlera.

Bí káàdì náà ti rí nìyí. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a to àwọn oṣù sí, láti oṣù tí a bí ọmọ títí yóò fi pé ọdún márùn-ún. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a kọ ìwọ̀n sí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìlà méjì ni ó gba àárín rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń gòkè lọ bí ọ̀nà tí ó gun orí òkè. Bí a bá ti wọn ọmọ, a óò fi àmì sí ibi tí oṣù rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ ti pàdé. Bí a bá sì so àwọn àmì náà pọ̀, ìlà ọmọ náà nìyẹn. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ìlà rẹ̀ ń bá ọ̀nà náà gòkè.

Kí a fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa. Ọmọ tí ó wọn kílò 3 nígbà tí a bí i sábà máa ń tó kílò 6 ní nǹkan bí oṣù 5, tí yóò sì súnmọ́ kílò 9 nígbà tí ó bá pé ọdún kan. Ká ní ọmọkùnrin kan wọn kílò 7 àti ààbọ̀ ní oṣù 7, tí ó tún wọn iye kan náà ní oṣù 8 àti ní oṣù 9. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣeré, àárín ọ̀nà náà sì ni àmì rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tí ó bá wo àmì kan ṣoṣo yóò ní kò sí ewu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rí i pé ìlà tí ó yẹ kí ó máa gòkè ti ń lọ gbọọrọ bí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ní ìdàkejì, ọmọ mìíràn lè kéré láti ìgbà tí a ti bí i, kí àmì rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ìlà kejì. Bí ó bá ń gòkè lóṣooṣù, ọkàn ìyá rẹ̀ lè balẹ̀ ju ti èkínní lọ. Ibi tí ìlà ọmọ kọjú sí ṣe pàtàkì ju ibi tí ó wà lọ.

Àwọn ènìyàn kan kọ́kọ́ lérò pé kò bọ́gbọ́n mu kí a fi káàdì sí ọwọ́ ìyá tí kò mọ̀wé, wọ́n ní yóò sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé fi káàdì wọn sínú àpò ọ̀rá, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ẹyin. Àǹfààní ńlá sì wà níbẹ̀: ibikíbi tí ìyá bá gbà lọ ni ìròyìn ọmọ rẹ̀ ń bá a lọ. Bí obìnrin kan bá kó kúrò ní Ìmẹ̀sí-Ilé lọ ṣòwò ní Ìgbọ̀nà, nọ́ọ̀sì tí kò rí ọmọ náà rí yóò mọ ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí ní ìwòye kan.

Àwọn nọ́ọ̀sì ni òpó iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà. Dókítà kò pọ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pọ̀ tó lónìí. Nọ́ọ̀sì kan náà ni ó ń rí ọmọ tí ara rẹ̀ le àti èyí tí ń ṣàìsàn, ní ibì kan náà, ní ọjọ́ kan náà, tí ó fi jẹ́ pé ìyá kò ní láti rìn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìlà ọmọ bá tẹ̀, òun ni yóò béèrè pé: Ṣé ó ṣì ń mu ọmú? Ṣé ara rẹ̀ gbóná tàbí ó ya ìgbẹ́ gbuuru? Kí ni ó jẹ lánàá? Òun náà ni yóò sì kọ́ ìyá bí a ti ń fi ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja tàbí ẹyin kún ẹ̀kọ ọmọ. Obìnrin kì í sọ òtítọ́ ilé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ni ó ń finú hàn. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbé irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí a sọ fún àwọn ìyá, kí a sì mú ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ wá sí iwájú wọn.

Ìwádìí yìí ni ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ òkèèrè mọ bí èéyi ti burú tó láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1960, Samuel Katz, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá John Enders ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ní Amẹ́ríkà, wá sí Nàìjíríà, a sì dán abẹ́rẹ́ náà wò ní agbègbè yìí, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fi àṣẹ sí i ní 1963. Morley padà sí ìlú rẹ̀ ní 1961, ó sì kú ní 2009, ṣùgbọ́n káàdì náà kò bá a lọ. Ní 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irú rẹ̀ jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 1982, àjọ UNICEF fi wíwọn ọmọ déédéé ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí ó ń polongo láti dáàbò bo ẹ̀mí àwọn ọmọ. Ní Nàìjíríà, Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, gbé irú ìtọ́jú tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yìí lárugẹ.

Síbẹ̀, bí ohun rere bá ti di àṣà, ó rọrùn kí ó di òfìfo. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ni a ti rí i pé a ń wọn ọmọ, a ń fi àmì sí káàdì, a sì ń dá a padà fún ìyá láìbá a sọ gbólóhùn kan. Òṣùwọ̀n kì í wo ọmọ sàn. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì àti ìyá bá jọ sọ lórí ìlà náà, àti ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ni oògùn.

Ohun kan náà ni ó yẹ kí a máa rántí nípa ìròyìn tí ilé ìtọ́jú ń kà fún ìlú. Bí ó bá ní a wọn ọgọ́rùn-ún ọmọ lóṣù yìí, ó ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì jíhìn. Mélòó nínú wọn ni kò sanra síi? Ta ni ó lọ bẹ ilé wọn wò? Oògùn wo ni ó tán, nígbà wo ni òmíràn yóò dé? Òṣìṣẹ́ mélòó ni ó kù, iṣẹ́ ta ni ó sì wà láìsí ẹni tí ń ṣe é? Ìròyìn tí ó ń yin ara rẹ̀ nìkan dà bí káàdì tí a fi àmì ẹ̀tàn sí: inú ìyá yóò dùn lónìí, yóò sì sunkún lọ́la. Ìròyìn tí ó bá sọ ibi tí ìlà ti tẹ̀ ni ó ń fún ìlú láyè láti ṣe àtúnṣe kí ọwọ́ tó bọ́ sórí. Àwọn ará ìlú náà ní ipa tiwọn: kí wọ́n wá sí ìpàdé, kí wọ́n fetí sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè, nítorí ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.