Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Ìparadà àti Iṣẹ́ Òòjọ́ nínú Fíìmù Kòríà Kan

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Ọgbọ́n yìí ni ó gbé fíìmù Extreme Job ró. Lee Byeong-heon ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní Gúúsù Kòríà ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2019, nígbà tí ọdún tuntun ìbílẹ̀ wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà fún un ní àwọn ilé sinimá ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 16, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 52 lọ.

Geukhan Jigeop ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Kòríà, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí ó le dé góńgó. Orúkọ yìí kan náà ni ètò orí tẹlifíṣàn kan ń jẹ́ níbẹ̀, èyí tí ó máa ń ṣe àfihàn àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn nira. Nítorí náà, láti orí àkọlé ni òǹwòran ti ní ìbéèrè lọ́kàn: iṣẹ́ wo gan-an ni ó le? Ọ̀nà tí fíìmù náà gbà dáhùn ìbéèrè yìí ni ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Àhunpọ̀ Ìtàn

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ márùn-ún ni ó wà nínú ikọ̀ tí ń gbógun ti egbòogi olóró ní àgọ́ ọlọ́pàá Mapo, ní ìlú Seoul. Go, tí Ryu Seung-ryong kó ipa rẹ̀, ni ọ̀gá wọn. Iṣẹ́ wọn kò yọrí, ojúgbà Go ti gba ìgbéga, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n tú ikọ̀ náà ká. Àǹfààní kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn ni láti mú Lee Moo-bae, ọ̀gá àwọn jàǹdùkú tí ń ṣòwò egbòogi olóró.

Ilé adìẹ díndín kan wà ní ọ̀kánkán ibùba àwọn jàǹdùkú náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń jókòó sí láti máa ṣọ́ wọn, títí tí ẹni tí ó ni ín fi sọ pé òun fẹ́ kógbá wọlé nítorí àìsí oníbàárà. Go fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilé náà. Wọn kò gbèrò láti ta ohunkóhun, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ tí ó bá ń lé oníbàárà yóò mú ìfura dání. Ma, ọ̀kan nínú wọn tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta galbi ní ìlú Suwon, bọ́ sídìí ààrò. Ẹran ìhà ni galbi, èyí tí wọ́n máa ń rẹ sínú èròjà aládùn kí wọ́n tó sun ún. Èròjà yìí ni Ma fi pa adìẹ lára. Láìpẹ́, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tò síwájú ilé náà.

Ìparadà tí ó di Òótọ́

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ìparadà, ohun tí ń já ẹni tí ó para dà láyà ni pé kí àṣírí má tú. Nínú fíìmù New World, tí ó jáde ní ọdún 2013 ní Kòríà kan náà, ọlọ́pàá tí wọ́n rán sáàárín àwọn jàǹdùkú di olórí wọn nígbẹ̀yìn. Aṣọ tí ó yá wọ̀ di awọ ara rẹ̀, ìtàn náà sì korò bí ewúro.

Egungun ìtàn kan náà ni ó wà nínú Extreme Job, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dẹ́rù bà wọ́n níhìn-ín ni pé ọjà ń tà jù. Wọ́n fi owó lé adìẹ kí èrò lè dín, síbẹ̀ èrò kò dín. Young-ho nìkan ni ó ṣì ń tọ àwọn jàǹdùkú lẹ́yìn. Nígbà tí ó sì wá ìrànlọ́wọ́, ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kún fún adìẹ. Ẹni tí ó rántí iṣẹ́ tí ó gbé wọn wá wá dà bí aláìgbọ́ràn láàárín àwọn adínran.

Èdè Ìpolówó Ọjà

Ibi tí ìparadà yìí ti hàn jù ni ẹnu Go. Bí ó bá gbé fóònù ilé ìtajà, ohùn rẹ̀ a yí padà sí ti apolówó ọjà. A ní irú adùn bẹ́ẹ̀ kò sí rí; a béèrè bóyá galbi ni tàbí adìẹ; lẹ́yìn náà, a fúnra rẹ̀ dáhùn pé adìẹ galbi ti Suwon ni. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni ní etí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá Go fúnra rẹ̀ wí: ọlọ́pàá ni tàbí adínran? Bí oúnjẹ náà ti jẹ́ méjèèjì ni ẹni tí ń polówó rẹ̀ náà jẹ́ méjèèjì. Èdè ti sọ òtítọ́ kí ẹni tí ń sọ ọ́ tó mọ̀.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn Ẹ̀rín

Ará Kòríà kò ní ṣàì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Lẹ́yìn ọ̀dá owó tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1997, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn kó owó ìfẹ̀yìntì lé òwò kékeré, adìẹ díndín sì wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Àwọn ilé ìtajà náà pọ̀ débi pé wọ́n ń pa ara wọn lówò. Nítorí náà, nígbà tí Go fi owó ọjọ́ ogbó rẹ̀ ra ilé tí kò ní oníbàárà, ohun tí ó ń ba baálé ilé púpọ̀ lẹ́rù ni ó ṣe.

Èyí ni ó fún ọ̀rọ̀ Go ní agbára nígbà ìjà ìkẹyìn. Kò fi ipò ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọ̀gá jàǹdùkú. Ohun tí ó sọ fún un ni pé ẹ̀mí ara wọn ni àwọn oníṣòwò kékeré fi ń ṣòwò. Òǹwòran rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè orí àkọlé ti dé.

Àgbálọgbábọ̀

Àléébù fíìmù náà kò fara sin. Ìkúùkù ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ tí àìríná-àìrílò dá sílẹ̀, ìgbéga sì ni ó parí ìtàn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Ojúlówó adínran kò ní àgọ́ ọlọ́pàá tí yóò padà sí. Síbẹ̀, ó fi hàn pé àwàdà tí ó bá ta gbòǹgbò sínú ìgbé ayé àwùjọ ni ó ń pẹ́ lọ́kàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àtúpalẹ̀ ẹ̀fẹ̀ ní èdè yòówù kò gbọdọ̀ dúró lórí ohun tí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Kí ó wá ẹkún tí ẹ̀rín náà bò mọ́lẹ̀.