Àwo Kọnkéré fún Igi Kékeré

Ṣé ẹ fẹ́ gbin odán kékeré sínú àwo kọnkéré? Ẹ po sìmẹ́ńtì agolo 1, yanrìn 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ 3. Kí omi má pọ̀ jù. Ẹ gbẹ́ kòtò pẹlẹbẹ, ẹ tẹ́ ọ̀rá sí i, kí ẹ rẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Ẹ fi pòròpórò dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa ro. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 7, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí ó má baà sán. Ẹ má tíì gbin nǹkan kan! Oró sìmẹ́ńtì tuntun ń pa gbòǹgbò. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọ̀sẹ̀ 3, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó gbin igi yín.