Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ní Lomé, ojú ìkànnì ò tíì ṣí: ohun tó ń jẹ dátà àwọn oníṣòwò wa

Ẹni tó bá ní ẹrù lójú omi kì í sùn dáadáa. Àwọn oníṣòwò wa tó ń gba ọjà ní èbúté Lomé, ìbáà jẹ́ aṣọ, ìbáà jẹ́ mọ́tò tòkunbọ̀, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ láàárọ̀ láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ ti dé. Àwa náà gbìyànjú ẹ̀ lórí ìkànnì aṣojú kan tó ń bá èèyàn gba ẹrù. A ò ní í dárúkọ rẹ̀. Odindi ìṣẹ́jú méjì la fi wo nǹkan róbótó kan tó ń yí bírí. Nígbà tó ṣí, àwòrán ọkọ̀ ńlá ló kọ́kọ́ yọ, orúkọ ọkọ̀ mẹ́fà péré ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Orúkọ mẹ́fà! A tún un ṣí lọ́sàn-án, gbogbo ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, dátà tún lọ.

Èbúté yìí kì í ṣe kékeré. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣí i, omi rẹ̀ jìn ju mítà 16 lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá fi lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tí Google ń pè ní Equiano náà dé Lomé lọ́dún 2022. Kí ló wá ń fà á tí ojú ìwé fi ń falẹ̀?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe wáyà. Sẹ́fà ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú ìwé ránṣẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá béèrè ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ ọkọ̀ kiri, bí olóńjẹ tó dúró kí oníbàárà jókòó kó tó lọ ra ẹ̀wà lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó ń yí padà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ṣeé sè sílẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì láàárọ̀, wọ́n á gbé e sínú fódà kan, wọ́n á sọ fún sẹ́fà pé kó máa gbé ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Nginx, tí Igor Sysoev ará Rọ́ṣíà gbé jáde lọ́dún 2004, mọ iṣẹ́ yìí dunjú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìlà mélòó kan ni: "root" tó ń tọ́ka sí fódà náà, "index" tó ń sọ fáìlì tí yóò kọ́kọ́ ṣí, àti "gzip on" tó ń fún ọ̀rọ̀ pọ̀ kó tó rán an. Àwòrán ọkọ̀ ńlá yẹn ò ní í fún pọ̀ mọ́. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ló dáa.

Èyí tó kan àpò wa jù ni "expires". Tí wọ́n bá kọ "expires 1h", fóònù yín á tọ́jú ẹ̀dà ojú ìwé náà fún wákàtí kan. Tí ẹ bá tún padà wá síbẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, inú fóònù ló ti ń wá. Tí wákàtí náà bá kọjá, fóònù á béèrè bóyá nǹkan ti yí padà. Tí kò bá sí, sẹ́fà á dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà 304, ó parí, kò ní í tún gbé gbogbo ẹ̀ wá. Àmọ́ kí wọ́n má kọ oṣù kan síbẹ̀ o! Fóònù á máa sọ pé ọkọ̀ ò tíì dé, owó á sì ti máa gun orí kọ̀ǹténà ní yáàdì lójoojúmọ́.

Ohun kan wà tó ń bà wá lẹ́rù ju dátà lọ. Sẹ́fà ò mọ ohun tó jẹ́ àṣírí. Tí aṣojú bá da ìwé ẹrù yín àti àwòrán páálí ìdánimọ̀ yín sínú fódà kan náà, ẹni tó bá mọ orúkọ fáìlì lè gbé e. Tí "autoindex" bá wà ní títàn, kò tiẹ̀ nílò kó mọ orúkọ: sẹ́fà á pàtẹ gbogbo ẹ̀ bí ọjà. Nginx kì í ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí wọ́n bá ní kó ṣe é. Tó bá jẹ́ Apache ni wọ́n ń lò, kí wọ́n kọ "Options -Indexes" sí i, torí ṣíṣí ló máa ń wà nígbà mìíràn. Fódà ọ̀tọ̀, tí sẹ́fà ò lè dé, ni kí ìwé oníbàárà wà.

Tí ẹ bá tún dé ọ́fíìsì aṣojú yín ní Lomé, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń tọ́jú ìwé yín sí.