Kẹ́ ẹ tó fi owó ọjà rán ọmọ lọ sídìí bọ́ọ̀lù, ẹ kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ̀ ń ka ojú ewé yìí lẹ ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Bí ọmọ náà bá ga, tí egungun rẹ̀ sì le, kò ní í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, tí yóò ní òun mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú Ọba tó ń wá ọwọ́ ẹ̀yìn. Kò ní í dárúkọ Arsenal tàbí Chelsea o. Ẹgbẹ́ kékeré ni yóò dárúkọ, kí ọ̀rọ̀ náà lè jọ òótọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ iye tẹ́ ẹ máa mú wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń kó ojú owó kúrò nídìí òwò, tí àwọn mìíràn ń ta ilẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù gbowó lókè òkun ti dolówó nìyẹn.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tá a fẹ́ ṣe lónìí ni ká tú iṣẹ́ náà palẹ̀, ká wo bí owó ṣe ń wọlé níbẹ̀ àti ìgbà tó ń dáwọ́ dúró. Tá a bá wò ó dáadáa, a óò rí i pé oníṣòwò kékeré bíi tiyín ni agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọjà tó ń tà.

Ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 92 ló wà ní ìpele mẹ́rin tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 20 péré ló wà ní Premier League tá à ń wò lórí tẹlifíṣàn. 72 yòókù wà ní ìpele mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 24 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun wà.

Ọmọ ọdún 16 ni wọ́n sábà máa ń gba ọmọ láti wá kọ́ṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ fún ọdún méjì, bí ìgbà tí ọmọ bá lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá. Tó bá pé ọdún 18, wọn yóò sọ bóyá àwọn máa gbà á síṣẹ́ tàbí àwọn ò ní í gbà á. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń padà sílé. Fún àwọn tó bá yege, àdéhùn ọdún kan tàbí ọdún méjì ló wọ́pọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà ni àdéhùn máa ń parí, inú oṣù Karùn-ún sì làwọn ẹgbẹ́ ti máa ń gbé orúkọ àwọn tí yóò ṣẹ́kù àti àwọn tí yóò máa lọ jáde. Ẹni tó ti fi owó báǹkì ra ilé, tó sì ní ìyàwó àtọmọ, kò ní í sùn dáadáa tí oṣù Karùn-ún bá ti ń sún mọ́lé.

Nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbọ́ ni owó tí wọ́n fi ń ra agbábọ́ọ̀lù. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan ra èèyàn ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ẹgbẹ́ tó tà á ló ni owó náà. Owó ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ sínú àdéhùn, àti àjẹmọ́nú tó bá wà níbẹ̀, ni ti agbábọ́ọ̀lù. Owó orí yóò sì ti kúrò lórí rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Èrè ẹni tó ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́

Ẹni tó ń gbá góòlù wọlé làwọn èrò ń pariwo orúkọ rẹ̀, òun náà ni owó rẹ̀ sì máa ń wọ́n jù. Ọwọ́ ẹ̀yìn dà bí ẹni tó ń ta iyọ̀: èrè orí rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ tí wọn kì í rà á. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé yóò wà níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, tí kò ní í ṣe àṣìṣe tó ń pani lára, yóò máa rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ wo John Trollope, tó gbá ọwọ́ ẹ̀yìn apá òsì fún Swindon Town láti 1960 sí 1980. Lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀, òfin ò gbà kí agbábọ́ọ̀lù kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà ju 20 pọ́n-ùn lọ lọ́sẹ̀. Oṣù Kìíní 1961 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ti múra láti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìpele kejì àti ìkẹta ni Swindon ń wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, Trollope gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 770 fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yìí. Ó gbá 368 tẹ̀léra láìpa ọ̀kan jẹ, kí apá rẹ̀ tó kán lọ́dún 1968. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta 1969, ó ti padà sórí pápá, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí Swindon, ẹgbẹ́ ìpele kẹta, na Arsenal 3-1 ní Wembley láti gba ife League Cup. Ọdún 2023 ni Dean Lewington ti MK Dons, ọwọ́ ẹ̀yìn apá òsì bíi tirẹ̀, tó ré 770 náà kọjá.

Kó tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀ pátápátá ni Trollope ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà níṣẹ́, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá Swindon ní 1981. Ó ti na àtẹ kejì kó tó ká ti àkọ́kọ́.

Nígbà tí oníbàárà ńlá bá wọ gbèsè

Bí ọjà yín ti wù kó dára tó, ẹni tó ń rà á lè wó. Ní 2000, líìgì àwọn ìpele mẹ́ta ìsàlẹ̀ ta àǹfààní àtifi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn hàn lórí tẹlifíṣàn fún ilé-iṣẹ́ tó wá ń jẹ́ ITV Digital, ní mílíọ̀nù 315 pọ́n-ùn fún ọdún mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ bá ń fi owó tí wọn ò tíì rí gbà ṣèlérí owó ọ̀sẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kẹta 2002, gbèsè bo ITV Digital mọ́lẹ̀, mílíọ̀nù 178.5 pọ́n-ùn sì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì san.

Líìgì náà gbé Carlton àti Granada, àwọn tó ni ITV Digital, lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n ní àwọn ló yẹ kó dúró fún gbèsè ọmọ wọn. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, adájọ́ ní kò sí àdéhùn kankan tó fi wọ́n ṣe onídùúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tajà láwìn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ẹni tó bá lóun máa dúró, kó fọwọ́ síwèé kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún yẹn.

Ọmọ Èkó kan tó gun àkàbà náà

Ọ̀pọ̀ yín mọ Danny Shittu. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1980, Lọ́ńdọ̀nù ló sì ti dàgbà. Ó wà ní Charlton, àmọ́ kò ráyè gbá níbẹ̀. Wọ́n yá a fún Blackpool, lẹ́yìn náà ló lọ sí QPR ní 2001. Ìpele kẹta ni QPR wà nígbà náà, gbèsè sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé alátìlẹ́yìn tó lówó lọ́wọ́ ló bá wọn san owó tí wọ́n fi rà á. Ó bá wọn gòkè ní 2004. Watford rà á ní 2006, Bolton rà á ní 2008, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 2010 ní South Africa.

Lọ́dún 2010 yẹn kan náà ni òun àti Bolton pínyà, tó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Millwall ní ìpele kejì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ní ọdún 35, ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò lórí pápá, bí orúnkún ò bá sì ti lé wọn kúrò ṣáájú ìgbà yẹn. Nítorí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, ṣe ń ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi í

Bí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá bá ti jókòó, ẹ fi sùúrù bi í ní nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mélòó? Òfin FIFA ò gbà kí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn mú ọmọ tí kò tíì pé 18, àfi nítorí ìdí mélòó kan, bíi kí òbí rẹ̀ ti kó lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù.

Èkejì, ìwé àṣẹ rẹ̀ dà? Láti 2023 ni FIFA ti dá ìdánwò àti ìwé àṣẹ àwọn éjẹ́ǹtì padà, orúkọ àwọn tó ní in kò sì fara pa mọ́. Ẹgbẹ́ gidi tó fẹ́ ọmọ kì í gbowó lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kí wọ́n tó dán an wò.

Ẹ̀kẹta, báwo ni yóò ṣe rí ìwé ìṣiṣẹ́? Láti oṣù Kìíní 2021, máàkì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀, wọ́n sì ń wo líìgì tí ẹni náà ti ń gbá àti bó bá ti gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ṣòro kí ọmọ tó ń gbá ní pápá àdúgbò kó máàkì náà pé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé wọn. Bí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kan bá fi owó ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ti òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Lórí mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, 50,000 nìyẹn. Ẹni tí kò níwèé kò lè béèrè tirẹ̀.

Ní ti owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ojú owó sílẹ̀ níbi tó wà. Nínú èrè ni kẹ́ ẹ ti ra bàtà fún ọmọ náà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó parí ilé-ìwé tàbí kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e délùú Ọba, a dúpẹ́. Bí kò bá sì gbé e débẹ̀, kó padà wá bá ṣọ́ọ̀bù lójú kan náà tó fi í sí.