ÀGÒ ONÍLÉ O! Ọ̀RỌ̀ DRÓÒNÙ ALÁDÙÚGBÒ LÓRÍ ÒRÙLÉ ẸNI

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí wọ́n ń sọ kò gbé kámẹ́rà sójú, kò sì sí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ tó ń fi ìka darí rẹ̀. Ẹyẹ tuntun ti dé sí Kòsọ́fẹ́ báyìí, láti Kétu dé Máìlì 12 títí wọ Ìkòsì, dróònù ni orúkọ rẹ̀. Ó lè sọ àwọn tó jọ ń pọn omi nínú kànga kan náà di ọ̀tá. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti àṣà Yorùbá yẹ̀ ẹ́ wò: kí ni ó jẹ́, kí ni àṣà wí, kí ni òfin wí, kí sì ni ẹni tó ń fò lórí ilé rẹ̀ lè ṣe?

Irú ohun tí dróònù jẹ́

Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú ni. Èyí tó wọ́pọ̀ ládùúgbò ní apá mẹ́rin, abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lórí apá kọ̀ọ̀kan. Abẹ̀bẹ̀ méjì ń yí sọ́tùn-ún, méjì ń yí sósì, kí ọkọ̀ náà má baà máa pòòyì bí òkòtó. Bí ẹni tó ń darí rẹ̀ bá fẹ́ kí ó lọ síwájú, àwọn abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn a sáré ju ti iwájú lọ, ọkọ̀ náà a sì tẹ orí síwájú. Bátìrì ni ó ń lò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré kì í sì í lò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ lókè. Ilé-iṣẹ́ DJI ní ìlú Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ọjà gbogbo ayé, pàápàá láti 2013 tí wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní Phantom jáde. Òmíràn wà nísinsìnyí tí kò tó 250 gíráàmù, ìyẹn ni pé kò tó ìdajì ìwọ̀n ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó wúlò. Àwọn tó ń ya fọ́tò òde àríyá ń fi í jẹun. Nígbà tí odò Ògùn bá sì kún, tí omi ìsédò Ọ̀yán bá tún wọ inú rẹ̀, tí àgbàrá bo Ajégúnlẹ̀ àti Agilítí bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní 2010, ẹni tó wà lókè ni ó lè rí ilé tí omi ti ká àwọn ènìyàn mọ́.

Àgò ni kò ké

Níbo wá ni ìjà wà? Mo gbà pé kì í ṣe ariwo rẹ̀ ni olórí ọ̀ràn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àlejò kì í já wọ agbo ilé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Àgò onílé o!" Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn pé, "Àgò yà," ni yóò tó gbé ẹsẹ̀. Láàárín ìpè àti ìdáhùn yẹn ni ẹni tó wà níhòòhò yóò ti fi aṣọ bora, tí tọkọtaya tó ń jà yóò ti rẹ ohùn sílẹ̀. Àgò fún onílé ní àyè láti yan ohun tí àlejò yóò rí. Dróònù kò ké àgò. Orí òrùlé ni ó gbà wọlé.

Ẹ wo bí a ṣe ń gbé ní Kòsọ́fẹ́. Ilé kojú sílé, fèrèsé kojú sí fèrèsé. Ilé tí mo ń gbé ní Ìkòsì ní yàrá méjìlá, balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa kò sì ní òrùlé, páànù ni a fi yí i ká. Nígbà tí ọmọkùnrin kan nílé kejì ra dróònù, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń gbé e sókè. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin ilé wa kò fi sá aṣọ sẹ́yìnkùlé mọ́, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń jí ní aago mẹ́rin òru láti lọ wẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá kámẹ́rà náà ń ya wá tàbí kò yà wá. Àìmọ̀ yẹn gan-an ni ó lé wọn kúrò nínú ilé tí wọ́n ń san owó rẹ̀.

Ohun tí òfin wí

Ṣé ẹni tó ni ilẹ̀ ni ó ni òkè rẹ̀ dé ọ̀run? Àwọn amòfin àtijọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfuurufú ológun ń fò sílẹ̀sílẹ̀ lórí oko àgbẹ̀ kan, àwọn adìyẹ rẹ̀ sì ń fi ìpayà lu ògiri títí nǹkan bí 150 fi kú. Ní 1946, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ ní ọ̀nà gbogbo ènìyàn ni òkè réré, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni ó ni ìwọ̀n òkè tí ó lè lò, ẹ̀tọ́ gbà-mábìínú sì tọ́ sí àgbẹ̀ náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Skyviews fi ọkọ̀ òfuurufú ya fọ́tò ilé Lord Bernstein ní Kent ní 1974, wọ́n sì fẹ́ tà á fún un. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó pàdánù ní 1977. Síbẹ̀, adájọ́ Griffiths fi kún un pé bí ẹnìkan bá ń ṣọ́ ilé ẹlòmíràn láti òkè ní gbogbo ìgbà, tí ó ń ya gbogbo ohun tí ó ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà lè yàtọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ yìí: ẹni tó ń kọjá lọ kì í ṣe ẹni tó dúró tó ń wò.

Nílẹ̀ tiwa, abala 37 nínú Ìwé Òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà àti ti ilé rẹ̀. Ní 2016, àjọ NCAA, tí ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé dróònù sókè láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òun àti lọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n ń fi òfin ni wá lára lásán. Ní oṣù Kejìlá 2018, ìròyìn dróònù nìkan ló ti pápákọ̀ Gatwick nítòsí Lọ́ńdọ̀nù pa, tí ó da ìrìn-àjò nǹkan bí 140,000 ènìyàn rú. Ìkẹjà, níbi tí pápákọ̀ Murtala Muhammed wà, kò sì jìnnà sí Kétu.

Kí ni ṣíṣe?

Èkíní, ẹ má sọ òkò, ẹ má ta kànnàkànnà. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè gé ọmọ tó wà nísàlẹ̀, bátìrì rẹ̀ lè gbiná, ẹ̀yin tí a ṣẹ̀ yóò sì wá di ẹni tó ń jẹ́jọ́ ìbàjẹ́ dúkìá.

Èkejì, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tó wá sílẹ̀, àti ibi tí ó dúró sí. Bí ẹ bá lè yà á, ẹ yà á. Ẹ̀rí ni ó ń ya ẹjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àhesọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ bá onítọ̀hún. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ìyá àgbà ilé wa ni ó lọ bá àwọn òbí ọmọkùnrin náà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyáàfin, bí ó bá jẹ́ pé àwa la ń gbà orí balùwẹ̀ yín kọjá ńkọ́?" Ọmọ náà jáde, ó ní òun ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò òde ni. Ó fi ohun tó yà hàn, ó pa èyí tó kan ẹ̀yìnkùlé wa rẹ́, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé pápá ni yóò ti máa kọ́ ọ. Bí iṣẹ́ bá gbé e dé àdúgbò, yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bí onítọ̀hún kò bá gbọ́, ẹ kó ìwé àkọsílẹ̀ yín lọ bá ẹgbẹ́ àwọn onílé tàbí CDA àdúgbò. Lẹ́yìn wọn ni Citizens' Mediation Centre ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ń parí ìjà láìgba kọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán ìhòòhò ni ó ń yà, tàbí tí ó ń fi í dẹ́rù bà yín, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tààrà ni. NCAA ni ẹ ó fi ọ̀ràn ìwé àṣẹ tó létí. Kóòtù ni kí ó kẹ́yìn, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ọ̀la ni ẹ ó sì tún pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí a rò pé àṣà wa kò ní ohunkóhun sọ sí ẹ̀rọ òde òní. Kí ẹni tó ní dróònù kọ́ bí a ti ń ké àgò kí ó tó gbé e sókè. Kí onílé náà sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ké e dáadáa, ó yẹ kí òun lè dáhùn pé, "Àgò yà."