Jíà Tí Ó Yẹ Kí A Lò Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Ń Fa Ẹrù



Àgbàdo tí ó wà lóko kò tíì di owó. Ó di ìgbà tí a bá kó o dé ọjà tàbí dé inú àká kí a tó lè sọ pé a kórè. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní agbègbè Mókwá, Kòǹtàgórà, Kábbà àti ní ibi gbogbo tí oko ti jìn sí ọ̀nà ọ̀dà mọ èyí dáadáa. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe pa owó pọ̀ ra píkọ́ọ̀pù, tí àwọn mìíràn sì ń háyà katakata, tí wọ́n ń so tírélà kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹrù tí a bá fi orí rù fún ọjọ́ mẹ́ta, tírélà yóò gbé e ní ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Tírélà kékeré yìí ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ti àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń ná ọ̀nà Èkó sí Kánò. Ó rọrùn láti so ó mọ́ ọkọ̀. Ohun tí kò rọrùn ni láti mú un gun òkè, kí a sì mú un sọ̀ kalẹ̀ láìsí ewu. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé bíréèkì ni ó ń gba ènìyàn là lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òótọ́ ni pé bíréèkì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n jíà ni ó ṣáájú rẹ̀. Bí a bá mú jíà tí ó yẹ kí a tó dé orí òkè, iṣẹ́ díẹ̀ ni yóò kù fún bíréèkì. Bí a bá mú èyí tí kò yẹ, bíréèkì nìkan kò ní lè dá gbogbo ẹrù náà dúró.

IṢẸ́ TÍ JÍÀ Ń ṢE

Ẹ wo ẹni tí ó ru ẹrù wúwo gun òkè. Kì í la ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ìṣísẹ̀ kúkúrú ni ó ń gbé, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Bí ó bá dé ilẹ̀ títẹ́jú, ó lè na ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni jíà rí. Jíà kìíní ni ìṣísẹ̀ tí ó kúrú jù lọ: agbára pọ̀ nínú rẹ̀, eré kò sí. Jíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ìṣísẹ̀ gígùn: eré wà níbẹ̀, agbára kò tó nǹkan.

Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, bí a bá wà ní jíà kìíní, ẹ́ńjìnnì a máa yí tó ìgbà mẹ́rin kí irin gígùn tí ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ní jíà kẹrin, bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan, irin náà yí lẹ́ẹ̀kan. Ní jíà ìkarùn-ún, irin náà a máa yára ju ẹ́ńjìnnì lọ. Èyí ni ó fi jẹ́ pé jíà ìkarùn-ún kì í ṣe ti ẹni tí ń fa ẹrù. Ti ọkọ̀ òfìfo lójú ọ̀nà títẹ́jú ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀n ẹrù náà pẹ̀lú. Píkọ́ọ̀pù tí kò ru ohunkóhun lè wọn tó 1,500 kìlógíráàmù. Bí ẹ bá kó àpò àgbàdo 10 sínú tírélà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 kìlógíráàmù, ẹ ti fi 1,000 kìlógíráàmù kún un, a kò sì tíì ka ìwọ̀n tírélà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni yóò fa gbogbo rẹ̀, bíréèkì kan náà ni yóò sì dá a dúró, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tírélà oko wa kò ní bíréèkì tirẹ̀.

BÍ A ṢE Ń GBÉRA ÀTI BÍ A ṢE Ń GUN ÒKÈ

Jíà kìíní ni kí ẹ máa fi gbéra nígbà gbogbo tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, àyàfi bí ilẹ̀ bá jẹ́ ẹrẹ̀ tí ń yọ̀. Nínú ẹrẹ̀, agbára jíà kìíní máa ń jẹ́ kí táyà máa yí lórí kan láìsí lílọ síwájú. Jíà kejì sàn jù níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe pààrọ̀ jíà láàrin ẹrẹ̀, nítorí pé bí ọkọ̀ bá sinmi díẹ̀, ó ti rì nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ pé ojú òkè ni ẹ ti fẹ́ gbéra, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ sókè lórí kílọ́ọ̀ṣì títí ẹ ó fi mọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ lọ, kí ẹ tó tú bíréèkì ọwọ́ náà sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fi kílọ́ọ̀ṣì nìkan di ọkọ̀ mú lórí òkè. Ẹ má ṣe é. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí tó láti jó kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sì gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ pé owó ti bá a lọ.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́nà òkè, ẹ má ṣe dúró títí ọkọ̀ yóò fi rẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀. Ẹ bọ́ sí i nígbà tí eré ṣì wà díẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń fa ẹrù máa ń pàdánù eré kíákíá bí a bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá pẹ́ jù, jíà kò ní wọlé, ọkọ̀ yóò dúró, tírélà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà yín padà sẹ́yìn.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé jíà ti ga jù? Ẹ́ńjìnnì yóò sọ fún yín. Bí ó bá ń kérora, tí ọkọ̀ ń gbọ̀n, tí ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ tí eré kò sì yí padà, jíà náà ga jù. Ẹ bọ́ sí ìsàlẹ̀. Àwọn kan rò pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ké, a ń bà á jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ń yí dáadáa ní jíà kejì ń fa afẹ́fẹ́, ó sì ń fa omi kọjá nínú rédíétọ̀ ju èyí tí ń kérora ní jíà kẹrin lọ. Nítorí náà kì í tètè gbóná. Bí ó bá gbóná síbẹ̀, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó ń hó.

SÍSỌ̀ KALẸ̀: IBI TÍ EWU WÀ

Gígun òkè máa ń ba ọkọ̀ jẹ́. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí.

Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nígbà tí ọkọ̀ wà nínú jíà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí táyà mọ́. Táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ńlá ni fún táyà láti yí i, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí ìjánu ti ń fa ẹṣin. Bí jíà bá ti rẹlẹ̀ tó ni ìjánu yìí ṣe le tó. Kò ń náni ní páàdì bíréèkì, kò sì ń gbóná bí bíréèkì ti ń gbóná.

Bíréèkì ní tirẹ̀, ooru ni ó ń sọ eré dà. Bí ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀ bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ bíréèkì di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, láti 30 sí 60 kìlómítà ní wákàtí kan, iṣẹ́ bíréèkì di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, yóò gbóná títí kò fi ní lè di táyà mú mọ́. Ọ́ìlì bíréèkì pàápàá lè hó, ẹsẹ̀ yín yóò sì rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà epo bẹntiróòlù kan fò láti nǹkan bí ₦190 kọjá ₦500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ọ̀nà láti ṣọ́ epo ná. Àwọn awakọ̀ kan a máa gbé jíà sí fíríì bí wọ́n bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì. A mọ̀ pé epo wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ó wà ní fíríì kò ní ìjánu ẹ́ńjìnnì mọ́. Gbogbo ìwọ̀n tírélà ń tì í láti ẹ̀yìn, eré ń pọ̀ sí i, bíréèkì nìkan ni ó sì kù. Bí ẹ bá fẹ́ padà sínú jíà nígbà tí eré ti pọ̀, jíà lè kọ̀ kí ó má wọlé. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, bíréèkì yóò le bí òkúta lẹ́yìn títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, sítíárìn yóò wúwo, ó sì lè tì pa bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́.

Èrè epo náà kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ tí kò lo kábúrétọ̀ mọ́ máa ń dá epo dúró fúnra wọn bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù nínú jíà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Ní fíríì, wọ́n níláti máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo kí ó má baà kú. Ẹni tí ó wà ní fíríì ni ó ń jó epo.

Nítorí náà, ẹ mú jíà yín ní orí òkè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn àgbà awakọ̀ máa ń sọ pé jíà tí a fi gun òkè ni kí a fi sọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ ṣọ́ra: òfìfo ni a fi ń lọ sí oko, ẹrù ni a fi ń padà. Bí ẹ bá fi jíà kẹta gun òkè kan ní òwúrọ̀ láìsí ẹrù, jíà kejì ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú tírélà tí ó kún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Mókwá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Ọya ní Jẹ́bà, tàbí tí ẹ ń la àárín òkè Òkénè kọjá, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bí eré bá ṣì ń pọ̀ nínú jíà tí ẹ mú, ẹ tẹ bíréèkì gidi títí eré yóò fi wálẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá kí ó lè tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí jíà kan sí ìsàlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa bọ́ ọ. Ẹni tí ó bá já láti jíà kẹrin sí ìkíní lórí eré lè fọ́ ẹ́ńjìnnì, táyà sì lè yọ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn bíréèkì, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rì, ẹ dúró sí ibi tí ó tẹ́jú, ẹ fi igi tàbí òkúta há táyà, ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sí i. Irin gbígbóná a máa sán.

TI KATAKATA

Ti katakata tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ Massey Ferguson tí a ń lò ní ilẹ̀ wa ní jíà 8 síwájú àti 2 sẹ́yìn: ọ̀pá kan fún jíà mẹ́rin, ọ̀pá kan fún ìsàlẹ̀ tàbí òkè. Nínú ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́, a kò lè pààrọ̀ jíà lórí ìrìn. A níláti dúró kí a tó pààrọ̀. Ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú jíà gíga kò ní ọ̀nà àbáyọ. Nítorí náà, ẹ dúró ní orí òkè, ẹ bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀, kí ẹ tó sọ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ má ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì ti gbé katakata sí fíríì nìyẹn, tírélà yóò tì í láti ẹ̀yìn, yóò yọ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì ká mọ́ ọn. Kí ẹ tó jáde sójú ọ̀nà, ẹ so ẹsẹ̀ bíréèkì méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo lórí eré, katakata yóò yí dànù. Ìdí irin ìfẹrù tí ó wà nísàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ so tírélà mọ́. Bí ẹ bá so ó sí òkè, katakata lè gbé iwájú sókè lórí òkè kí ó sì dojú dé awakọ̀.

Ẹ FI ÀWỌN WỌ̀NYÍ SỌ́KÀN

1. Ẹ mú jíà kí ẹ tó dé òkè, ìbáà jẹ́ gígùn tàbí sísọ̀.
2. Ẹ má ṣe lo jíà ìkarùn-ún nígbà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn.
3. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ sí fíríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bó ti wù kí epo wọ́n tó.
4. Ẹrù inú tírélà ni kí ẹ fi wọn jíà, kì í ṣe bí ẹ ti ṣe lọ ní òwúrọ̀.
5. Ẹ kó ẹrù tí ó wúwo sí iwájú tírélà díẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn, tírélà yóò máa ju ìdí.
6. Ẹ máa gbé igi ìhátáyà méjì sínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.
7. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá tàbí ọmọ jókòó sórí ẹrù. Bí jíà bá kọ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ ṣubú.

A bẹ̀ yín, ẹ ka ìwé yìí sí etí àwọn ọmọ tí ń wakọ̀ fún yín, pàápàá àwọn tí ojú ń kán láti dé ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹrù tí kò dé ọjà lónìí lè dé ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa kórè délé láyọ̀.