Ilẹ̀ Pákó Nínú Balùwẹ̀ Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Nígbà tí wọ́n la ojú irin láti Èkó, tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896 tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Wọ́n tún pọ̀ sí i nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Lára àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, àwọn kan wà tí ilẹ̀ òkè wọn jẹ́ pákó lórí igi àjà. Pákó ìrókò àti apá a máa pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n balùwẹ̀ ni ó ti ń kọ́kọ́ jẹrà, nítorí omi a máa gba ibi tí sìmẹ́ńtì ti là wọlé, pákó kò sì ní rí atẹ́gùn tí yóò gbẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ilé. Níbi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ lójoojúmọ́, àwọn ayálégbé a máa gbé àgbá omi sí balùwẹ̀. Omi inú àgbá tí ó gba lítà 200 wúwo tó kílógíráàmù 200, èyí tí ó ju ìwúwo àgbàlagbà méjì lọ, lójú kan ṣoṣo. Bí pákó bá ti rà, orí ẹni tí ń bẹ nísàlẹ̀ ni yóò já lé. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ilẹ̀ a máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, àbàwọ́n a máa yọ lára àjà yàrá ìsàlẹ̀, ọ̀bẹ tí a bá sì fi gún pákó náà yóò wọlé bí ẹni gún iṣu sísè.

Ìṣòro káfíńtà ni pé ìwọ̀n àtijọ́ àti ti òde òní kò bára mu. Ẹsẹ̀ bàtà àti ínṣì ni wọ́n fi ń wọn igi tẹ́lẹ̀, kí Nàìjíríà tó yí sí mítà ní nǹkan bí àkókò tí náírà gba ipò pọ́ùn ní ọdún 1973. Ọjà kò sì yí padà tán. Plywood ṣì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, ṣùgbọ́n mìlímítà ni nínípọn rẹ̀. Èyí tí oníṣòwò ń pè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì a sábà máa jẹ́ mìlímítà 18, nígbà tí pákó àtijọ́ oní-ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25. Bí a bá pààrọ̀ apá kan ilẹ̀ nìkan, ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé kò ní dọ́gba, sìmẹ́ńtì yóò là níbẹ̀, omi yóò sì tún ríbi gbà. Kí káfíńtà kọ́kọ́ kan igi pẹlẹbẹ tí ó nípọn ní mìlímítà 7 sórí igi àjà.

Gígùn rẹ̀ tún ń kọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ ínṣì 96. Bí àárín igi àjà kan sí èkejì bá jẹ́ ínṣì 16, etí plywood yóò bọ́ sórí igi keje gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ínṣì 18, etí náà yóò fi ínṣì 6 kọjá igi kẹfà, kò sì ní dé ìkeje. Òfìfo ni ó fi ara lé. Kí a gé ínṣì 6 náà kúrò. Onílé tí ó bá ń kanra nítorí ẹ̀là pákó yẹn kò tíì ro iye tí yóò ná bí ilẹ̀ bá já.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní marine board lọ́jà ni gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè gba omi. Kí a gé díẹ̀ lára rẹ̀, kí a sè é nínú omi fún wákàtí mélòó kan. Bí ó bá ṣí ní ìpele-ìpele, kí a má ṣe rà á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Igi àjà tí ó bá ti rà ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀. Nígbà tí sìmẹ́ńtì bá gbẹ, kí a da omi sí i, kí a sì wo àjà ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ayálégbé tó gbé àgbá rẹ̀ padà sókè.